Ṣé Kí N Fi Ìṣirò Gíga Sílẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lónìí mo fẹ́ kí ọmọdé àti àgbà jọ wo ẹ̀yìn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ó ń da ọ̀pọ̀ ọmọ láàmú ní ọdún karùn-ún ilé-ìwé girama, èyí tí à ń pè ní SS 2.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, aládùúgbò mi kan tí ó jẹ́ káfíńtà mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Bàbá ń bínú, ọmọ ń sunkún. Ìwé èsì ìdánwò wà lọ́wọ́ bàbá. Nínú ìṣirò gíga, èyí tí wọ́n ń pè ní Further Mathematics, ọmọ náà gba 31 nínú 100.

Bàbá ní, "Ọmọ yìí ló ní òun fẹ́ di ẹnjiníà. Ní báyìí ó ní òun fẹ́ fi ìṣirò yìí sílẹ̀. Ẹ dákun, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Mo ní kí ọmọ náà nu ojú rẹ̀, kí ó sì sọ tẹnu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti gbìyànjú. Orí mi ò gbé e. Àti pé sà, ṣé àwa la tilẹ̀ ni ìṣirò yìí? Ṣebí àwọn òyìnbó ló kó o wá bá wa?"

Mo wo ọmọ náà títí. Ìbéèrè méjì ni ó bi mí ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Èkíní jẹ́ tirẹ̀ nìkan: ṣé kí òun fi í sílẹ̀? Èkejì jẹ́ ti gbogbo wa: ta ló ni ìṣirò? Mo sì rí i pé bí a kò bá dáhùn èkejì dáadáa, ọmọ náà yóò ṣi èkíní dáhùn. Ẹni tí ó bá rò pé ẹrù ẹlòmíràn ni òun gbé sórí, kò ní pẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Nítorí náà, èkejì ni mo kọ́kọ́ dáhùn, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì ṣe fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òǹkà tí ó wà lẹ́nu wa. Ẹ mú márùndínláàádọ́ta, ìyẹn 45. Kí ọmọ Yorùbá tó lè pe òǹkà yìí, ogún mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ mú, tí ó di ọgọ́ta. Ó wá yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, ó di àádọ́ta. Lẹ́yìn náà ó yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Ìsọdipúpọ̀ kan àti àyọkúrò méjì nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ẹ tún mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn 500. Igba mẹ́ta ni, tí a yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Ìyá arúgbó tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rí ń ṣe ìṣirò yìí lójoojúmọ́, kò sì mọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe.

Níbo ni irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ti wá? Àwọn tí wọ́n wádìí rẹ̀ rò pé ọjà àti owó ẹyọ ni ó bí i. Adolphus Mann, ajíhìnrere ará Jámánì tí ó bá ìjọ C.M.S. ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà Yorùbá, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1887. Ó ṣàlàyé bí àwọn tí ń ka owó ẹyọ ti ń ṣe é. Wọn a da owó sílẹ̀, wọn a kúnlẹ̀ tì í, wọn a sì máa fi ọwọ́ wọ́ ọ ní márùn-ún márùn-ún. Bí wọ́n bá wọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di ogún. Ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Láti orí igba ni wọ́n ti ń gun òkè lọ. Owó ẹyọ ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò yìí kò lè tajà, kò sì lè rajà, àfi kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Àwọn baba wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rárá. Edward Tylor, ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba kan, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1871 pé bí ará Abẹ́òkúta bá fẹ́ bú ẹnì kan ní òmùgọ̀, yóò sọ fún un pé kò mọ iye tí mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́. Ẹ gbọ́ o! Kí ilé-ìwé tó pọ̀ nílẹ̀ wa, ìṣirò ti di ìwọ̀n tí a fi ń wọn ọgbọ́n ènìyàn. Ìwọ tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí ńkọ́? Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án, èló ni? Má wo ìwé o. Bí o bá sọ pé mọ́kànlélọ́gọ́rin, kò sí ará Abẹ́òkúta tí yóò bú ọ.

Ẹ wo ọpọ́n ayò pẹ̀lú. Ihò méjìlá ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Òpè a kàn ki ọwọ́ bọ ihò, a máa pín in kiri. Ṣùgbọ́n ọ̀ta ti kà á lójú, ó ti mọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí, àti ohun tí ẹnìkejì yóò ṣe lẹ́yìn náà, kí ó tó fi ọwọ́ kàn án. Ohun tí olùkọ́ ìṣirò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe náà nìyẹn: kí ẹ rí òpin iṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

N kò sọ pé àwọn baba wa mọ gbogbo ìṣirò tí ó wà nínú ìwé yín. Irọ́ ni ìyẹn yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé òyìnbó nìkan ló dá a sílẹ̀. Àwọn àmì òǹkà tí à ń kọ, láti orí òdo títí dé mẹ́sàn-án, ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Algebra tí ó ń dẹ́rù ba ọmọ, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. Inú orúkọ ìwé kan tí al-Khwarizmi kọ ní ìlú Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820 ni a ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Nígbà tí Leonardo ará Pisa, tí a tún ń pè ní Fibonacci, kọ ìwé ní ọdún 1202 láti fi òǹkà yìí han àwọn ará Yúróòpù, ohun tí ó kọ́ ní èwe rẹ̀ ní Bugia, ní etíkun àríwá Áfíríkà, ni ó lọ sọ fún wọn. Nílẹ̀ Nàìjíríà yìí pàápàá, ọmọ Katsina kan, Muhammad ibn Muhammad, kọ ìwé lórí bí a ti ń to òǹkà sínú àpótí onígun mẹ́rin kí àròpọ̀ rẹ̀ lè dọ́gba níhà gbogbo. Ìlú Cairo ni ó kú sí ní ọdún 1741. Ṣé ẹ rí i? Ìṣirò dà bí iná. Ẹni tí ó bá lọ bu iná nílé aládùúgbò, tí ó fi dáná, ọbẹ̀ tirẹ̀ ni ó fi sè. Òyìnbó náà bu iná yìí ni.

Kí wá ni ó ṣẹlẹ̀ tí ìṣirò fi di àjèjì lójú àwọn ọmọ wa? Ẹ jẹ́ kí a dé ilé-ìwé.

Ní ọdún 1859, ní Èkó, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ṣí ilé-ìwé girama ti C.M.S., èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí. Ọmọ mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò wà nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, Jiọ́mẹ́tírì sì wà, pẹ̀lú Látìn àti Gíríìkì. Herbert, ọmọ àlùfáà náà, kàwé níbẹ̀. Ní ọdún 1890 ó lọ sí Plymouth ní Ìlú Ọba láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì padà wálé ní ọdún 1893. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ náà yanjú. Ó di ẹni tí ń wọn ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, Herbert Macaulay ni ó bá olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921, ilé-ẹjọ́ Privy Council dá olóyè láre. Ọ̀rọ̀ òfin ni ẹjọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí irú ẹni tí ó dúró ti olóyè: ẹni tí kò sí òyìnbó tí ó lè fi ìwọ̀n ilẹ̀ tàn jẹ.

Irú àwọn Herbert Macaulay kò pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìgbà náà, ìṣirò akọ̀wé ni a kọ́ wọn: ìṣirò pọ́ùn, ṣílè àti pẹ́nì. Pẹ́nì méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́ùn kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá àgbà yín, wọn yóò sọ iye pàṣán tí ìṣirò yẹn fi lé wọn lẹ́yìn, títí tí náírà àti kọ́bọ̀ fi dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Èdè òyìnbó ni a fi kọ́ wọn, pàṣán ni a sì fi tì í lẹ́yìn. Ọmọ tí ó mọ èrè tí ìyá rẹ̀ jẹ lórí apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan, bí ó bá dé kíláàsì, a di òdè, nítorí pé kò gbọ́ ìbéèrè náà yé. Wọn a ní kò mọ ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè ni kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Ilé-Ifẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì sì di iṣẹ́ kan láyè ọ̀tọ̀, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ wọ̀nyí wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ni wọ́n ṣe dáadáa jù. Orí wọn kò yàtọ̀ sí orí àwọn yòókù. Ọ̀nà tí a gbà kọ́ wọn ni ó yàtọ̀.

Àwọn àgbà pàápàá ti da ọ̀rọ̀ ìṣirò rú mọ́ ọmọ lójú rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1957, àwọn ará Rọ́ṣíà sọ òṣùpá àtọwọ́dá kan sí ojú ọ̀run. Ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìṣirò àwọn ọmọ wọn ti gbó, ó yẹ kí a sọ ọ́ di tuntun. Ọ̀rọ̀ náà ràn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1962, àwọn onímọ̀ ìṣirò láti Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba péjọ sí ìlú Entebbe ní Uganda, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ìṣirò tuntun. Ìwé náà dé àwọn ilé-ìwé wa. Bàbá tí ó ń ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ṣí ìwé, kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Olùkọ́ mìíràn pàápàá, òun àti ọmọ ni wọ́n jọ ń kọ́ ọ. Ariwo ta. Ní ọdún 1977 ìjọba àpapọ̀ ní kí a dá ìṣirò tuntun náà dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ kò lọ. Ẹ ṣì ń bá wọn pàdé, bí àpẹẹrẹ kíka òǹkà ní ìdì méjì méjì tàbí ìdì mẹ́jọ mẹ́jọ. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwa tí a ti ń ka nǹkan ní ogún ogún láti ayébáyé ni ẹ̀rù irú òǹkà bẹ́ẹ̀ wá ń bà.

Láàárín gbogbo rúdurùdu yìí, àwọn kan kò sọ ọ́ kalẹ̀. Chike Obi, ọmọ Onitsha, fi ìdákàwé gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1950, ní Cambridge, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò. Adegoke Olubummo, ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì, gba tirẹ̀ ní ọdún 1955, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ tẹ́tí sí ti Grace Alele-Williams. Warri ni a bí i sí ní ọdún 1932. Ó kàwé ní Queen's College ní Èkó àti ní yunifásítì Ìbàdàn, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School nígbà tí ilé-ìwé náà ṣì wà ní Ẹdẹ. Ní ọdún 1963, ní Chicago, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí bí a ti ń kọ́ni ní ìṣirò. Kò sí obìnrin Nàìjíríà tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ìwé Entebbe. Ní ọdún 1985 ó di olórí Yunifásítì Benin, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé irú ipò náà nílẹ̀ yìí. Ó kú ní ọdún 2022. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ta ló sọ fún un pé ìṣirò kì í ṣe ti obìnrin? Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kò gbọ́.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, ọmọ káfíńtà ti dákẹ́ ẹkún. Ó ní, "Sà, mo ti gbọ́ pé ti wa ni. Ṣùgbọ́n 31 ni mo gbà." Òótọ́ ni ó sọ. Ìtàn àwọn akọni kò lè fi máàkì kún máàkì ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ìbéèrè kìíní.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń fi sílẹ̀. Láti ọdún 1982 tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta àti mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀, ìṣirò méjì ni ó wà ní ipele àgbà ilé-ìwé girama. Èkíní ni ti gbogbogbò, tí ọmọ gbogbo ń ṣe. Èkejì ni ìṣirò gíga, tí ó rọ́pò èyí tí àwa ń pè ní Additional Mathematics láyé ìjọ́hun. Ìṣirò gíga kì í ṣe dandan. Ọmọ lè ṣe é, ó sì lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ti gbogbogbò sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ọmọ tí ń lọ kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní láti gba kírẹ́dìtì nínú ìṣirò kí ó tó wọ yunifásítì mọ́. Àwọn ọmọ kan jó. Wọ́n rò pé ìṣirò ti lọ. Láìpẹ́ ni ìjọba tún là á yé wọn pé gbogbo ọmọ ṣì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, kí wọ́n sì jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá sọ pé òun fẹ́ fi ìṣirò sílẹ̀, ẹ bi í pé: èwo nínú méjèèjì?

Mo wá bi ọmọ náà ní ìbéèrè mẹ́ta. Ẹ̀yin náà, ẹ fi wọ́n bi ara yín.

Ìbéèrè kìíní: ibo ni ò ń lọ? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń béèrè. Bí o bá ń lọ sí iṣẹ́ ẹnjiníà, físíìsì, ìṣirò gan-an tàbí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ohun tí ó wà nínú ìṣirò gíga ni wọn yóò fi kí ọ káàbọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Wọ́n lè gbà ọ́ wọlé láìní i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bá a pàdé nílé-ìwé girama yóò máa rìn níbi tí ìwọ ti ń sáré. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ dókítà ni o fẹ́, báyọ́lọ́jì, kẹ́místírì àti físíìsì ni òpó ilé náà. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀rẹ́ gbọ́ lórí èyí. Ka ìwé ìtọ́sọ́nà tí JAMB ń tẹ̀ jáde, kí o fi ojú ara rẹ rí i.

Ìbéèrè kejì: kí ni ò ń sá fún? Ṣé ẹ̀kọ́ náà ni, àbí olùkọ́, àbí ìpìlẹ̀ tí kò dúró? Ìbéèrè yìí ni ó ṣòro jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Èmi náà fi í sílẹ̀ rí. Kíláàsì kẹrin ni mo wà. Olùkọ́ wa a máa pe ẹni tí ó bá ṣì í síwájú, a ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún òmùgọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo lọ yọ orúkọ mi. Mo sọ fún bàbá mi pé ẹ̀kọ́ náà kò bá mi lára mu, ó sì gbà mí gbọ́. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe láti kékeré. N kò ṣe é. Mo ṣe iṣẹ́ mìíràn, ó sì bọ́ mi. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rí àwọn tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mo máa ń dúró wò wọ́n. Ènìyàn kan ni mo sá fún, mo rò pé ìṣirò ni.

Ìbéèrè kẹta: bí o bá fi í sílẹ̀, kí ni o fẹ́ fi àkókò rẹ̀ ṣe? Nínú ìdánwò WAEC, iṣẹ́ tí ọmọ lè ṣe kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́sàn-án lọ. Bí ìṣirò gíga bá kúrò, àyè kan ṣí sílẹ̀, wákàtí púpọ̀ sì ṣí sílẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí o bá ti mọ ohun tí yóò wọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ ní láárí. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé oorun ni yóò wọ ibẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ronú títí. Ó ní ẹnjiníà ni òun ṣì fẹ́ ṣe. Ó ní olùkọ́ òun kò ní ìpalára kankan, ó kàn ń yára ni. Mo gbé ìwé fún un, mo ní kí ó ṣe ìbéèrè kan. Kò tíì dé àárín rẹ̀ tí mo fi rí ibi tí ó ti ń jo. Kò mọ bí a ti ń gbé nǹkan láti apá kan sí èkejì nínú equation, ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó ti yé e ní JSS. Kì í ṣe òrùlé ni ó jò, ìpìlẹ̀ ni ó sán. Mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó má nà án, kí ó má sì bú u. Mo sọ fún ọmọ pé kí ó fún ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ó padà sí ìwé JSS láìtijú, ìbéèrè márùn-ún lálaalẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, kí ó tún ara rẹ̀ wò. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kí ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tí ó balẹ̀, kí ó sì mú èyí gbogbogbò le. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó gba 52. Kò tíì tó, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé orí òun gbé e. Kò fi í sílẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi í sílẹ̀, ẹ gbọ́ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Òun mọ ìṣirò gíga dáadáa, 60 ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ dókítà ni ó fẹ́, báyọ́lọ́jì rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀, nítorí pé ìṣirò gíga ni ó ń jẹ gbogbo alẹ́ rẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní òun fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta náà. Ó dáhùn wọn ṣáṣá. Mo ní kí ó lọ fi í sílẹ̀ ní ọ̀la, kí orúkọ ìdánwò tó jáde. Ọmọ méjì, ìdáhùn méjì. Ẹni tí ó gba máàkì kékeré dúró, ẹni tí ó gba ńlá lọ. Ibi tí oníkálukú ń lọ ni a wò, a kò wo máàkì nìkan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ipá mú ọmọ gbé ẹrù tí kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ nítorí ẹkún alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ jókòó tì í. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ẹ bá dójú tì lónìí lè máa dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní ogójì ọdún sí i, kí ó máa wo iṣẹ́ tí kò rí ṣe. Ẹ rọra kọ́ ọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá há a lẹ́nu, ẹ fi Yorùbá là á yé e.

Àti ìwọ, ọmọ mi, tí ìwé ìdánwò wà lọ́wọ́ rẹ ní alẹ́ yìí: bí o bá fẹ́ fi í sílẹ̀, fi í sílẹ̀ nítorí pé o mọ ibi tí ò ń lọ. Má ṣe fi í sílẹ̀ nítorí pé o rò pé kì í ṣe ti àwọn ènìyàn rẹ. Láyé àtijọ́ ní Abẹ́òkúta, ẹni tí kò mọ mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án ni wọ́n ń bú. Wọn kì í bú ẹni tí ó ń kọ́ ọ.

Ó dìgbà kan ná o.